Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Àbójútó Kọ̀ǹpútà Onífèrèsé

Ó lè ya ẹlòmíràn nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ni ní lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mi kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ni mo fi ń jẹun, orúkọ ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: orúkọ tí ó yẹ kí á pe àwọn nǹkan tí alábòójútó kọ̀ǹpútà ń bá pàdé lójoojúmọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ mi mọ sórí irú kọ̀ǹpútà tí ó tẹ̀lé ìlànà Unix, tí ó sì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn nínú fèrèsé lójú dígí.

1. Òfì kò ṣàìní orúkọ

Ẹni tí ó bá dé Ìsẹ́yìn, tí ó dúró ti ahunṣọ nídìí òfì, yóò rí i pé ohun gbogbo tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kàn ni ó ní orúkọ. Èyí tí ó ń gbé òwú kọjá láti ọ̀tún sí òsì, ọ̀kọ̀ ni. Aṣọ tí ó ti ibẹ̀ jáde náà ní orúkọ: ẹtù, sányán, àlàárì. Ọmọdé tí ó ń kọ́ iṣẹ́ náà ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ó lè sọ èyí tí ó bàjẹ́. Ẹ mú ọmọ yìí kan náà lọ síwájú kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣakí, ẹ ó rí i tí yóò dákẹ́. Kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ dínkù. A kò fún un ní ọ̀rọ̀ ni.

A ti gbìyànjú rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ìwé kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé wọ̀nyí gbájú mọ́. Iṣẹ́ tí ó kù pọ̀.

2. Èkùrọ́, èèpo àti fèrèsé

Ní Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs, ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ Unix ní 1969. Linux tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991 tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Àárín gbùngbùn irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kernel. Òun ni ó ń pín agbára ẹ̀rọ fún iṣẹ́ gbogbo. Èkùrọ́ ni mo pè é, nítorí inú lọ́hùn-ún ni ó wà, ojú kì í rí i. Èyí tí ó yí i ká, tí ó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un, ni shell. Èèpo ni. Níbi yìí, èdè wa kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Ẹ̀yìn ilé ni ó ti ṣa á.

Ti fèrèsé ṣòro díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò X ní MIT, X11 sì jáde ní 1987. Nínú ètò yìí, ẹni tí ó jókòó ti dígí, tí ó ń ya àwòrán, tí ó sì ń gba ohun tí a bá tẹ̀, ni à ń pè ní olùpèsè. Àwọn ètò tí ó fẹ́ ya nǹkan sójú dígí ni oníbàárà rẹ̀. Èyí máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú, nítorí wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà lọ́nà jíjìn ni ó yẹ kí ó jẹ́ olùpèsè. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ọjà: ẹni tí ó ni ìsọ̀ ni olùpèsè, oníbàárà lè ti ọ̀nà jíjìn wá. Ètò lè máa ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kí fèrèsé rẹ̀ ṣí ní Ṣakí. Ní Ṣakí ni ìsọ̀ wà.

Olùpèsè kò bìkítà bí fèrèsé ṣe tò. Ètò mìíràn, olùtọ́jú fèrèsé, ni ó ń fi etí sí i, tí ó ń gbé e síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí a bá kó olùtọ́jú fèrèsé, àwòrán, àpò fáìlì àti ohun èèlò mìíràn jọ, a ó ní ojú tábìlì odindi, irú èyí tí Matthias Ettrich dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 1996 tí ó ń jẹ́ KDE, àti GNOME tí Miguel de Icaza àti Federico Mena bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àyálò, kí ó rántí pé fèrèsé àti tábìlì fúnra wọn àlejò ni wọ́n. Wọ́n ti di ọmọ ilé.

3. Àṣẹ

Kókó àbójútó ni àṣẹ: ta ni ó lè ṣe kí ni? Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní olóhun, ó ní ẹgbẹ́, gbogbo ẹni tí ó kù sì jẹ́ ará ìta. Ohun mẹ́ta ni a lè gbà wọ́n láyè láti ṣe: kíkà, tí iye rẹ̀ jẹ́ 4, kíkọ, 2, mímú ṣiṣẹ́, 1. Bí a bá rí 640 lára fáìlì, olóhun lè kà á, ó sì lè kọ sí i. Ẹgbẹ́ lè kà á nìkan. Ará ìta kò ní ìpín níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpò fáìlì ni, ìtumọ̀ 1 yí padà: ó di àyè láti wọlé. Ẹni tí a bí sí agbo ilé kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ó mọ̀ pé iyàrá bàbá yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yàtọ̀ sí ìta gbangba.

Aṣàmúlò kan wà tí gbogbo òfin yìí kò dè. Root ni orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 0. Ó ti wu àwọn kan láti pè é ní ọba. Mo ta kò ó. Aláàfin Ọ̀yọ́ ní Ọ̀yọ́ Mèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n lè kọ̀ ọ́ láyé àtijọ́ bí ó bá ṣe àṣejù. Root kò ní Ọ̀yọ́ Mèsì. Bí ó bá pàṣẹ pé kí gbogbo fáìlì pa rẹ́, wọn yóò pa rẹ́. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ọba ni yóò rò pé ẹnìkan yóò dá a dúró. Aláṣẹ-pátápátá ni mo pè é, kí orúkọ náà lè máa ba èèyàn lẹ́rù díẹ̀.

Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n alábòójútó kì í fi orúkọ aláṣẹ-pátápátá ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó ń lo sudo, tí a kọ́kọ́ kọ ní nǹkan bí 1980 ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York ní Buffalo. Ó ń yá àṣẹ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, a sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yá a. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́, ìlàrí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin. Àṣẹ tí ó gbé lọ́wọ́ kì í ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́. Ìlàrí ni sudo.

4. Ìránṣẹ́ àìrí

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Àwọn ètò kan wà tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn láìsí fèrèsé: wọ́n ń dúró de ìwé tí a fẹ́ tẹ̀, tàbí kí wọ́n máa ṣọ́ aago. Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n ní daemon, lẹ́tà d sì sábà máa ń parí orúkọ wọn, bí i cupsd. Nígbà tí mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ, mo kọ ànjọ̀nú sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó wá láti Ṣakí kà á, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ta ni yóò jẹ́ kí ànjọ̀nú máa tẹ ìwé òun?” Ojú tì mí.

Ojú tì mí nítorí mo mọ ìtàn tí ó ti ṣáájú. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni ogun kó ní 1821. Ìsẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn gbà. Ọkùnrin yìí ni ó ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jáde ní 1843, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì túmọ̀ Bíbélì. Gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn gbogbo àwa tí a ń kọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá orúkọ fún Sátánì, Èṣù ni wọ́n mú: Èṣù tí ó jẹ́ ìránṣẹ́, tí ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí orúkọ ibi. Orúkọ kan ṣoṣo ni, ó sì yí ojú tí odindi ènìyàn fi ń wo ẹ̀sìn àwọn baba wọn padà.

Àwọn onímọ̀ tí ó wà nídìí Project MAC ní MIT ní 1963, tí wọ́n sọ daemon lórúkọ, kò ro ibi. Òṣìṣẹ́ kékeré tí a kò lè fojú rí ni wọ́n ní lọ́kàn, irú èyí tí James Clerk Maxwell fi ṣe àpèjúwe nínú ìmọ̀ físíìsì. Ìránṣẹ́ àìrí ni mo fi rọ́pò ànjọ̀nú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbà á.

5. Ìkádìí

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́. Kí á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí nǹkan ń ṣe, kì í ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kí á wo ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà tẹ́lẹ̀, kí á má ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Kí á sì ka ọ̀rọ̀ náà sí etí ẹni tí yóò lò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí a ń kọ́. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó mọ orúkọ ohun èèlò òfì yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò sì lè wí pé: ìránṣẹ́ àìrí báyìí ni kò dáhùn. Ẹni tí ó bá lè sọ ohun tí ó bàjẹ́ ti súnmọ́ àtúnṣe.