Ogunléndé ní Àbújá: Ilé Wà, Ilẹ̀ Kò Sí

Láti ọdún 2014 ni àwọn ogunléndé láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti ń tẹ̀dó sí eteetí ìlú Àbújá. Durumi ní Area 1, New Kuchingoro, àti Wassa lẹ́yìn Apo ni ibùdó tí orúkọ wọn hàn jù. Ìjọba Ìbílẹ̀ Gwoza ní Ìpínlẹ̀ Borno ni ọ̀pọ̀ àwọn ogunléndé náà ti wá, àwọn kan sì wá láti Adamawa. Kì í ṣe ìjọba ló kó wọn débẹ̀. Ẹni tó ní ìbátan tó ń ṣọ́ ilé tàbí tó ń ṣe lébìrà ní Àbújá ló kọ́kọ́ forí lé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí yàrá kan kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n wá ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n ri igi mẹ́rin mọ́ ọn. Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n tẹ̀ lé wọn, ibùdó sì di abúlé.

Ogun tó lé wọn kò lé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni Boko Haram gba ìlú Gwoza, tí Abubakar Shekau, olórí wọn, sì kéde pé ibẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ìjọba tòun. Ẹni tó lè sáré gun òkè Mandara lọ. Àwọn kan gba orí òkè náà já sí Cameroon, níbi tí ibùdó Minawao ti ń gba àwọn ará Nàìjíríà láti ọdún 2013. Àwọn mìíràn sọ̀ kalẹ̀ sí Mubi ní Adamawa. Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, Mubi náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ti sá láti ìlú dé ìlú kó tó fojú kan Àbújá, tí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò fi ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ.

Ilé tí wọ́n ń kọ́ kì í pẹ́ parí. Wọ́n á ri pákó mọ́lẹ̀, wọ́n á rán àpò sìmẹ́ǹtì àti àpò ìrẹsì pọ̀, wọ́n á kàn án mọ́ pákó yíká, wọ́n á wá da tapólíìnì tàbí páànù àlòkù bò ó. Òkúta àti táyà tó ti jẹ ni wọ́n ń gbé lé e lórí kí atẹ́gùn má baà ká a lọ. Yàrá kan, ìdílé kan: ẹní, ìkòkò, àpò aṣọ. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru Àbújá bá mú, kò ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án. Bí òjò bá sì dé, omi á gba ìsàlẹ̀ wọlé, ìyá á gbé ọmọ dúró títí òjò á fi dá. Àpò tí òjò pa tí oòrùn tún pa kì í tọ́jọ́, nítorí náà àtúnkọ́ kì í tán. Ní Wassa, inú ilé búlọ́ọ̀kù tí wọn kò kọ́ parí ni ọ̀pọ̀ ń gbé. Aṣọ ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé.

Níbi tí àwọn aláàánú ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kẹ́ẹ̀gì ti máa ń tò kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, lọ́dọ̀ mai ruwa, àwọn tó ń ti omi kiri lórí ọmọlanke, ni wọ́n ti ń rà á. Ilé ìgbẹ́ ni ìṣòro tí wọn kì í fẹ́ sọ níwájú àlejò. Kò kárí, igbó ni ọ̀pọ̀ ń lọ, àwọn obìnrin a sì máa dúró di alẹ́ nítorí ìtìjú. Lásìkò òjò, àgbàrá á gbé ohun tó wà nínú igbó padà wá síbi omi. Ọ̀nà tí onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru ń gbà wọlé nìyẹn. Ti ibà kò tilẹ̀ gba àlàyé.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn nílé. Ní Àbújá, oko olóko ni wọ́n ń ro fún owó ojúmọ́, tàbí kí wọ́n máa po sìmẹ́ǹtì fún bíríkìlà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kan bá wọn kọjá òkè: fìlà rírán. Fìlà Borno, èyí tí àwọn ẹni ńlá ń dé sórí babanríga, abẹ́rẹ́ àti sùúrù ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán sára aṣọ funfun oníṣẹ́po, wọ́n á máa fi òwú aláràbarà gún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló ń gbà kí ẹyọ kan tó parí. Ẹni tó rán an kì í sábà gbé e dé ọjà; alágbàtà ló ń wá rà á, iye tó bá sì dá lé e ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì jẹun máa gbà. Fìlà tó ń lọ sórí ọlọ́lá, abẹ́ àpò ìrẹsì ni wọ́n ti rán an.

Wọ́n ní olórí tiwọn: bulama, bí wọ́n ṣe ń pe olórí àdúgbò ní Borno, àti ìyá tó ń ṣojú àwọn obìnrin. Wọ́n ní ibi tí àwọn olùkọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń kọ́ ọmọ níwèé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n dé ti tó ẹni tó ń pọnmi fún ìyá rẹ̀, kò sì mọ òkè Mandara bí kò ṣe nínú ìtàn.

Ohun tí wọn kò ní ni ilẹ̀. Ogunléndé ni àwọn Ẹ̀gbá tó sá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní ọdún 1830; wọ́n rí ilẹ̀ dá oko, kò sì pẹ́ tí Abẹ́òkúta fi di ìlú ńlá. Ti Àbújá yàtọ̀. Òfin ọdún 1976 tó dá Àbújá sílẹ̀, àti abala 297 nínú ìwé òfin ọdún 1999, ló fi gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn Gbagyi tó ni ibẹ̀ rí kò bọ́ lọ́wọ́ ìwólulé. Ilẹ̀ tí ogunléndé kọ́ àtíbàbà sí lè ti wà lórúkọ ẹlòmíràn nínú ìwé. Ta ni yóò fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé síbi tí katakata lè dé lọ́la? Ta ni yóò gbẹ́ ilé ìgbẹ́ tó jinlẹ̀ síbẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè méjì yìí ló ṣàlàyé ìyókù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọdún 2012 ni Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Kampala ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Àdéhùn náà ní kí ìjọba dáàbò bo ẹni tí ogun lé kúrò nílé nínú orílẹ̀-èdè tirẹ̀, kò sì béèrè bóyá ìjọba ló kọ́ ibùdó rẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń bi àwọn ogunléndé yìí pé kí ló dé tí wọn kò padà. Àwọn ọmọ ogun ti gba Gwoza padà ní oṣù kẹta ọdún 2015, ìjọba Borno sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ibùdó Maiduguri pa láti ọdún 2021 kí àwọn ènìyàn lè máa lọ sílé. Àwọn kan padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ológun ń ṣọ́ kò gùn dé gbogbo oko, àgbẹ̀ tí kò lè dé oko kò sì tíì délé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn tó so bọ́ǹbù mọ́ra ṣọṣẹ́ ní Gwoza níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àti nílé ìwòsàn. Ìròyìn irú èyí kì í pẹ́ dé Wassa. Nítorí náà, ìdílé tó bá fẹ́ padà a máa pín ara rẹ̀ sí méjì: ọkọ á lọ wo ilé àti oko, ìyá àti àwọn ọmọ á dúró ní Àbújá, wọ́n á máa lẹ tapólíìnì, kí ibi méjèèjì má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.