Alùpùpù ọlọ́rùn gígùn: ta ló gé e, báwo ló sì ṣe ń rìn?

Ní oṣù October ọdún 2014, wọ́n lu alùpùpù kan ní gbàǹjo ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iye tó wọlé lórí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 350,000 dọ́là. Àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n kùn sára tánkì rẹ̀, fọ́ọ̀kì iwájú sì nà jáde débi pé táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ sá fún ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Àwọn tó tà á ní òun ni Peter Fonda gùn nínú fíìmù Easy Rider ti ọdún 1969. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀, torí òṣèré mìíràn tó jẹ́rìí sí i ti fọwọ́ síwèé tẹ́lẹ̀ fún òmíràn pé òun náà ni ojúlówó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìjà àwọn olówó sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó kan alùpùpù náà, àti ọgbọ́n tó fi kàn án, ni ọ̀rọ̀ tiwa.

Chopper ni irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Harley-Davidson ti ṣe alùpùpù WLA tó ju 70,000 lọ fún àwọn ológun, nígbà tí ogun sì parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sí ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ojú ogun dé rà wọ́n, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti wúwo jù. Ni wọ́n bá ń yọ ohunkóhun tí kò bá mú un sáré: mọ́dígáàdì iwájú lọ, wọ́n gé ti ẹ̀yìn kúrú, wọ́n já àpò ẹ̀gbẹ́ dànù. Eré ni wọ́n ń wá nígbà yẹn, wọn kò ro ti ẹwà. Àmọ́ nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, ẹwà ti gba ipò iwájú, ayùn sì ti kọjá ara mọ́dígáàdì, ó ti dé egungun alùpùpù fúnra rẹ̀.

Kí ni gígùn fọ́ọ̀kì yẹn ń ṣe?

Gbogbo alùpùpù ló ní ọrùn, ìyẹn ihò irin tí fọ́ọ̀kì gbà kọjá, tí a fi ń yí iwájú sọ́tùn-ún sósì. Ọrùn yìí kì í dúró ṣánṣán, ó máa ń fì sẹ́yìn. Lára Harley ayé ìgbà náà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, ó fì tó nǹkan bí 30 dígíìrì. Ti Captain America, orúkọ tí wọ́n ń pe alùpùpù Fonda, tó nǹkan bí 45. Bí a bá fa ìlà láti ojú ọrùn yẹn lọ tààrà dé ilẹ̀, ìlà náà á kanlẹ̀ níwájú ibi tí táyà ti fara kan ọ̀dà. Àlàfo tó wà láàárín ibi méjèèjì ni àwọn tó ń kan alùpùpù ń pè ní trail. Òun ló ń mú kí táyà iwájú máa tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà, bí táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní ọsibítù ṣe máa ń yí ara rẹ̀ padà láti tẹ̀ lé ibi tí wọ́n bá tì í sí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní táyà iwájú ga ní ínǹṣì 27, tí fọ́ọ̀kì sì yọ síwájú ọrùn ní ínǹṣì méjì ààbọ̀. Bí ọrùn bá fì ní 30 dígíìrì, trail á jẹ́ bíi ínǹṣì 5. Tí ẹni kan bá gé ọrùn náà, tó tún un jó sí 45, tí kò sì fọwọ́ kan ohun mìíràn, trail á di bíi ínǹṣì 10. Ìlọ́po méjì nìyẹn. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó tọ́, alùpùpù bẹ́ẹ̀ á máa lọ gbọnrangandan bí ẹni tó mọ ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ìgboro, iwájú rẹ̀ á wúwo, á máa fẹ́ já sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ẹni tó ń gùn ún ni yóò sì máa fà á padà. Tí ẹ bá fẹ́ yí i padà síbi tó ti ń bọ̀, ẹ máa nílò ojú títì tó fẹ̀ dáadáa.

Ibí yìí ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ní ẹ̀rọ ìjórin. Ọ̀gá á wá ọ̀nà tí yóò fi ti táyà síwájú díẹ̀ sí i kí trail lè wálẹ̀, bóyá nípa dídi fọ́ọ̀kì mú ní ìgun tó yàtọ̀ sí ti ọrùn. Ẹni tó bá ra fọ́ọ̀kì gígùn lásán, tí kò gé ọrùn, yóò kàn rí i pé imú alùpùpù rẹ̀ ń wo sánmà.

Ìyókù ohun tí wọ́n yọ náà ní gbèsè tirẹ̀. Captain America kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn, irin ni wọ́n fi so táyà mọ́ egungun, nítorí náà gbogbo kòtò ló ń dé ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó jókòó. (Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà tiwa kò nílò àlàyé síwájú.) Kò ní bíréèkì iwájú pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lórí alùpùpù tí a mọ̀, bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídúró, torí bí a bá ti tẹ bíréèkì, ìwúwo á ya síwájú. Ìfẹ́ kí iwájú mọ́ rekete ló jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Èmi ò rí ọgbọ́n nínú ìyẹn.

Àwọn tó kàn án

Aláwọ̀ dúdú méjì ní Los Angeles ni. Cliff Vaughs ló ya àwòrán rẹ̀ lọ́kàn, ó sì bójú tó iṣẹ́ náà. Ben Hardy ló kàn án ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Harley tí àwọn ọlọ́pàá ti lò gbó ni wọ́n rà ní gbàǹjo. Mẹ́rin ni wọ́n ṣe, méjì-méjì fún Fonda àti Dennis Hopper tí wọ́n jọ ṣeré nínú fíìmù náà. Olè jí mẹ́ta kó lọ, ẹyọ kan tó kù sì ni èyí tó bàjẹ́ nínú ìran tó parí fíìmù náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sọ pé àwọn ní ojúlówó lọ́wọ́ fi ń bára wọn fa ọ̀rọ̀.

Vaughs kì í ṣe ẹni tí ó kàn fẹ́ràn alùpùpù. Ó wà nínú SNCC, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀. Àwòrán kan wà tí Danny Lyon yà ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Maryland, lọ́dún 1964, níbi tí àwọn ológun ti ń fa Vaughs lọ. Síbẹ̀ nínú fíìmù tí wọ́n ní ó ń wá Amẹ́ríkà kiri, kò sí adúláwọ̀ kankan láàárín àwọn tó kó ipa pàtàkì, orúkọ Hardy àti Vaughs kò sì sí lára àwọn tí wọ́n kọ sí ìparí rẹ̀. Hardy kú lọ́dún 1994. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni àwọn oníròyìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn dáadáa. Vaughs rí díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó kú lọ́dún 2016.

Kì í sì í ṣe àwọn méjèèjì nìkan. Tobie Gene Levingston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá East Bay Dragons sílẹ̀ ní Oakland lọ́dún 1959, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ tí chopper Harley di àmì wọn. Ní Los Angeles, Sugar Bear, tó ka Hardy sí ọ̀gá, di ẹni tí wọ́n ń wá nítorí fọ́ọ̀kì onísípíríìnì tó ń ṣe: àwọn irin kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń gbé táyà síwájú, kí fọ́ọ̀kì lè gùn kí alùpùpù sì ṣì rọrùn-ún yí. Ìṣòro trail tí mo ṣàlàyé lókè gan-an ló yanjú.

Ilé iṣẹ́ ńlá náà kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún 1984, Harley-Davidson gbé Softail jáde, alùpùpù tó fi ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn pamọ́ sábẹ́ kó lè jọ èyí tí kò ní.

Chopper ṣì wà lójà títí dòní, ó sì níye lórí. Ní Jámánì, ẹ kò lè kàn gé ọrùn alùpùpù kí ẹ sì gùn ún jáde. Àwọn ayẹ̀wò-ọkọ̀ bíi TÜV gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ àtúnṣe náà sínú ìwé rẹ̀. Ibi tí kò bá sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ọwọ́ olùrà ló kù sí. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gé ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì bi í pé ínǹṣì mélòó ni trail rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má sanwó.