Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ Mọ Ibi tí Owó tí Ẹ Yá Wọlé Sí

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yá owó iléèwé lọ́wọ́ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kì í fojú kan owó náà. Inú àpò iléèwé ni wọ́n ń san án sí tààrà. Ọrùn akẹ́kọ̀ọ́ ni gbèsè wà, ọwọ́ iléèwé ni owó wà. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí sọ̀rọ̀.

Òfin tí wọ́n ní láti tún ṣe

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kọ́kọ́ buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, àfìgbà tí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ọmọ ibẹ̀ kò lè yá a. Ẹni tó bá sì lè yá a gbọ́dọ̀ ní onídùúró méjì, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12, agbẹjọ́rò ọlọ́dún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí adájọ́. Níbo ni ọmọ àgbẹ̀ ní Ṣakí ti fẹ́ rí adájọ́ tí yóò dúró fún un? Bí òbí bá ti yáwó rí tí kò san án, ọmọ pàdánù nìyẹn. Tálákà ni wọ́n ní àwọn ṣe òfin náà fún, ohun tí tálákà kò ní ni wọ́n sì ń béèrè.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí kọ́bọ̀ gbà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Òfin tuntun dé lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin, 2024. Ó yọ onídùúró kúrò, ó yọ gbèdéke owó ìdílé, kò sì ka gbèsè òbí sí ọmọ lọ́rùn mọ́. Iṣẹ́ gidi ni àtúnṣe yìí, ó yẹ ká yìn ín.

Bí wọ́n ṣe ń yá a

Akẹ́kọ̀ọ́ fáṣítì, pólì àti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tó jẹ́ ti ìjọba ló wà fún. Kò kan iléèwé aládàáni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní nelf.gov.ng, ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ múra nọ́ńbà JAMB, ti iléèwé, NIN àti BVN sílẹ̀, kí orúkọ yín sì bára mu níbi gbogbo. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Yàtọ̀ sí owó iléèwé, ẹ lè gba ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Èyí ni ẹ máa ń fi ojú ara yín rí. Kò tó nǹkan lójú ọjà òde òní, ó sì yẹ kí wọ́n fi kún un.

Níbi tó ti ń wọ́

Lọ́dún 2025, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ figbe ta pé NELFUND ti sanwó fún àwọn, síbẹ̀ iléèwé ṣì ní kí àwọn wá san. NELFUND fúnra rẹ̀ jáde sọ̀rọ̀, àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ tún wo òbí tó ti sáré yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi san owó iléèwé kí ti NELFUND tó dé. Owó kan náà ni iléèwé gbà lẹ́ẹ̀mejì, ìdílé kan náà ló sì jẹ gbèsè méjèèjì. Ìwà ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ máa yẹ ojú ìwé yín wò lórí nelf.gov.ng. Bí ó bá fi hàn pé wọ́n ti sanwó, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ mú un pẹ̀lú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì bọ́sà. Ẹ ní kí wọ́n dá owó padà, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ìwé ni kí ẹ gbà. Àtúnṣe tó kù fún ìjọba ni kí wọ́n fi ọjọ́ sí i: iye ọjọ́ tí iléèwé gbọ́dọ̀ fi sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé owó ti dé, iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dá owó tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀mejì padà, àti ìyà fún iléèwé tó bá kọ̀.

Gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn

Ìjọba ti dá irú ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ báyìí sílẹ̀ rí, lọ́dún 1972. Ọ̀pọ̀ tó yá a ni kò san án padà, ètò náà sì forí ṣánpọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni sísan bẹ̀rẹ̀: agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ lè lọ búra nílé ẹjọ́, kó fi ìwé náà tọrọ àfikún àkókò. Bí ẹni tó yá a bá kú, gbèsè náà parẹ́; wọn kò gbọ́dọ̀ bi òbí tàbí àbúrò rẹ̀ léèrè.