Eku kékeré, òfin ńlá: ìdí tí gbígbé hamster tàbí òkété lọ sókè òkun fi le ju ti ajá lọ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, bàálù ilé-iṣẹ́ TAP ti orílẹ̀-èdè Portugal gbéra ní Lisbon, ó balẹ̀ sí Ponta Delgada ní erékùṣù Azores. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, hamster ni wọ́n bá tó ń sá kiri. Hamster 132 tí wọ́n ń kó lọ fún ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn kan ti jáde nínú kéèjì. Ọjọ́ mélòó kan ni bàálù náà fi jókòó sílẹ̀ tí wọ́n ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí ọ̀kan péré bá ṣẹ́ kù, tó sì gé wáyà kan jẹ, ewu ńlá lè ṣẹlẹ̀ lójú òfurufú.

Hamster kan fúyẹ́ débi pé ó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé ajá rẹ̀ kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn sábà máa ń rí ọ̀nà tó là: àjẹsára, ìwé dókítà ẹran, owó ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé eku ọ̀sìn ni yóò máa bá ilẹ̀kùn ní títì. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì. Kí ló wà nínú ẹranko kékeré yìí tó ń ba àwọn ìjọba lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Kí sì ni ẹni tó ní in lè ṣe?

Ẹran ilé tó ti òkèèrè wá

Inú ẹbí eku ni hamster wà. Ìrù rẹ̀ kúrú, irun rẹ̀ kún, ó sì ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ní ọdún 1930, onímọ̀ nípa ẹranko kan tó ń jẹ́ Israel Aharoni wá a lọ sí ẹ̀bá ìlú Aleppo ní Síríà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi kan ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Jerúsálẹ́mù. Àwọn kan kú nínú wọn, àwọn kan sá lọ, àwọn ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ hamster aláwọ̀ wúrà tí àwọn èèyàn ń sìn káàkiri ayé lónìí, àtọmọdọ́mọ ìdílé kan ṣoṣo yẹn ni.

Ìrìn àjò ló sọ hamster di ẹran ilé. Ìrìn àjò àwọn ìbátan rẹ̀ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló sì sọ òfin di líle.

Ẹrù tó gbéra ní Accra

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2003, nǹkan bí 800 ẹranko kéékèèké láti Ghana gúnlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Òkété wà nínú wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ àti òòrẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa sin ẹranko ilẹ̀ òkèèrè nínú ilé ni wọ́n torí wọn kó o wá. Díẹ̀ nínú ẹrù náà dé ọwọ́ oníṣòwò kan ní Illinois, ó sì kó wọn sí tòsí àwọn prairie dog, ìyẹn ẹranko kan tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́, tó ń gbé inú ihò ní pápá oko Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta àwọn prairie dog wọ̀nyí fún àwọn tó ń sìn ín nílé.

Ní oṣù karùn-ún, prairie dog gé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan jẹ ní Wisconsin. Kò pẹ́ tí ara ọmọ náà fi gbóná, tí nǹkan sì sú sí i lára. Àyẹ̀wò fi hàn pé mpox ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní monkeypox nígbà náà. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, èèyàn 47 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó kó àrùn náà tàbí tó jọ pé wọ́n kó o, ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mpox yóò bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn lẹ́yìn òde Áfíríkà.

Ohun tó kó ìjọba Amẹ́ríkà láyà sókè ni ọ̀nà tí àrùn náà gbà. Àwọn aláìsàn kò sin òkété, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ rí i rí. Ara ẹran Áfíríkà ni àrùn náà wà, ó kọjá sára ẹran Amẹ́ríkà nítorí pé kéèjì wọn súnmọ́ra, ibẹ̀ ló gbà dé ara èèyàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn àjọ ìjọba méjì, CDC tó ń gbógun ti àrùn àti FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de kíkó ẹbí eku wọlé láti Áfíríkà àti títa prairie dog. Ní ọdún 2008, wọ́n tú prairie dog sílẹ̀ nínú òfin náà. Ti ẹran Áfíríkà ṣì wà títí di òní.

Ẹni tó ń jápa lọ Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Òfin CDC kò mọ sórí òkété àti ọ̀yà tí ìlú wọn jẹ́ Áfíríkà. Ó kan ẹbí eku èyíkéyìí tó bá ti Áfíríkà wá, yálà ó gba ọ̀nà tààrà tàbí ó yà sí ibòmíràn kó tó débẹ̀, yálà ó wà láàyè tàbí ó ti kú.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ti gba físà, ó ti ta mọ́tò, ó ti sanwó ilé, ó wá ku hamster tó rà fún ọmọ rẹ̀ l'Ékòó. Síríà ni ìran hamster náà ti ṣẹ̀ wá, kò sì mọ igbó Áfíríkà rí. Ìyẹn kò ràn án lọ́wọ́: Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e wá, òfin ti mú un. Ìyọ̀ǹda wà fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, fún ẹ̀kọ́ àti fún ibi tí wọ́n ń ṣàfihàn ẹranko, ṣùgbọ́n kò sí fún ẹni tó fẹ́ sìn ín nílé.

Gbólóhùn "tàbí ó ti kú" yẹn náà ló ń mú àwọn tó ń di òkété tàbí ọ̀yà gbígbẹ sínú báàgì fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston. Àyàfi bí wọ́n bá ti ṣe ẹran náà lọ́nà tó pa gbogbo kòkòrò àrùn inú rẹ̀, ẹrù òfin ni. Pé ó gbẹ, pé ó rùn dáadáa fún ọbẹ̀, kò sọ ọ́ di ohun tí wọ́n gbà.

Ẹni tó bá rò pé àwọn òyìnbó ń sá fún òjìji lásán, kó rántí ibà Lásà. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti dá a mọ̀ nílé wa, a mọ̀ pé ẹ̀yà eku kan tó máa ń wọlé wọ yàrá oúnjẹ ló ń gbé e kiri, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ká máa de gàrí wa. Ara eku náà kì í fi hàn pé àrùn wà nínú rẹ̀.

Hamster fúnra rẹ̀ náà ti jẹ́bi rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn kan ní Hong Kong ní Kòrónà, wọ́n sì bá kòkòrò àrùn kan náà lára àwọn hamster tó wà nínú ilé ìtajà náà. Netherlands ni wọ́n ti kó hamster náà wá. Ìjọba pàṣẹ kí wọ́n pa nǹkan bí 2,000 ẹranko, wọ́n sì ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hamster kó tiwọn sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Hong Kong fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà pé hamster lè kó àrùn yìí ran èèyàn.

Orílẹ̀-èdè kan, òfin kan

Britain kò ti ilẹ̀kùn pátápátá, owó ìwọlé ibẹ̀ ló wọ́n. Eku ọ̀sìn tó bá ti orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù wá gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́rin ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀, nítorí àrùn dìgbòlugi. Fún ajá tó lè gbé ọdún 12 láyé, oṣù mẹ́rin kì í ṣe nǹkan. Hamster kì í sábà lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ. Òfin yìí lè gba ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo ayé rẹ̀.

Ní Australia, hamster kò láyè rárá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sìn ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Hawaii, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara Amẹ́ríkà ni. California gba hamster aláwọ̀ wúrà láyè, ó sì lé gerbil, eku aṣálẹ̀ tó jọ ọ́. Ìdí tiwọn yàtọ̀ sí ti àrùn. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé bí ẹran náà bá sá wọ inú igbó tí ojú ọjọ́ rẹ̀ bá a lára mu, yóò bímọ, yóò jẹ irè oko, yóò sì gba ilé lọ́wọ́ àwọn ẹran tí wọ́n bá níbẹ̀.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní nǹkan bí ọdún 1999, òkété bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sìn wọ́n ní erékùṣù Grassy Key ní Florida. Wọ́n bímọ, wọ́n gbilẹ̀, ìjọba sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí dídẹ pàkúté sí wọn kí wọ́n má baà rékọjá sí ilẹ̀ ńlá.

Bí òfin bá gbà, ṣé ara á gbà?

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kì í gba ẹbí eku sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò, ajá àti ológbò ni wọ́n ń gbà. Frontier ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn díẹ̀ tó gba hamster àti guinea pig, nínú ìrìn àjò abẹ́lé nìkan. Nítorí náà, ọ̀nà mọ́tò ló kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn.

Ooru àti òtútù ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ara kékeré máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń tètè tutù. Mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn lè pa hamster kí ẹni tó wọ ilé oúnjẹ tó jáde. Bí òtútù bá sì mú un jù, ó lè sùn lọ fọnfọn, kí ara rẹ̀ le, kí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Àwọn kan ti sin irú rẹ̀ láìmọ̀ pé kò tíì kú. Àárín ọkọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tí oòrùn kò sì kàn án, ni àyè rẹ̀. Búùtù kọ́.

Ọ̀tá kejì ni eyín. Eyín ẹbí eku kì í dẹ́kun dídàgbà, jíjẹ nǹkan ni wọ́n fi ń gé e kúrú. Páálí tàbí báàgì aláṣọ kò lè dá wọn dúró. Kéèjì kékeré tó ní ara líle ló dára. Ẹ yọ àgbá tó ń sáré lórí rẹ̀ kúrò, kó má baà ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ẹ fi díẹ̀ nínú koríko tó ti ń sùn lé tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí òórùn ara rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ilé ni òun wà.

Ti oúnjẹ àti omi ńkọ́? Ìgò omi máa ń jò lójú ọ̀nà, á sì mú kí ibùsùn tutù. Ègé kùkúḿbà lè dípò rẹ̀ títí ẹ ó fi dúró. Ẹ má ṣe fi ebi pa á nítorí pé ẹ kò fẹ́ kó bì: ẹbí eku kì í bì. Ti guinea pig tilẹ̀ le jù, nítorí bí kò bá jẹun fún wákàtí mélòó kan, ikùn rẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bákan náà, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, àfi kó rí i nínú ewébẹ̀ tútù.

Guinea pig méjì lè jọ wà nínú kéèjì kan, ọkàn wọn á balẹ̀. Hamster aláwọ̀ wúrà méjì, ìjà ni, ó sì lè já sí ikú.

Òkété tó lọ sí Cambodia

Ẹbí eku ti rin ìrìn àjò tó jìnnà, tó sì já sí rere. Bart Weetjens, ará Belgium tó ń sin eku láti kékeré, ló dá àjọ APOPO sílẹ̀, èyí tó ń kọ́ òkété ní Morogoro ní Tanzania láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Magawa wà lára wọn. Tanzania ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Siem Reap ní Cambodia ní ọdún 2016. Ó wọ̀n ju kílò kan lọ díẹ̀. Ìwọ̀n yìí fúyẹ́ jù láti mú kí bọ́ǹbù bú gbàù. Títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2021, ó rí ju 100 bọ́ǹbù àti ohun ìjà abúgbàù lọ. Ní ọdún 2020, àjọ PDSA ní Britain fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà, òun sì ni eku àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ìbátan òkété tí Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ni Magawa. Ọmọ tí wọ́n bí sọ́wọ́ ni, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ orírun rẹ̀, wọ́n mọ ìlera rẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ẹran 800 tí wọ́n kó jọ pọ̀ láti Accra.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ tí ẹ ó máa gbé, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ bàálù. Bí ọ̀kan bá ti ní rárá, àwọn tó kù kò lè yí i padà. Bí gbogbo wọn bá gbà, ẹ wá dókítà ẹran tó mọ ẹran kékeré, kí ẹ sì lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ìyàsọ́tọ̀ ohun ọ̀gbìn àti ẹranko tí à ń pè ní NAQS, bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni ẹ ti ń lọ.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ má ṣe fi ẹran náà pamọ́ sínú àpò kóòtù, ẹ má sì ṣe tú u sílẹ̀ sínú igbó. Èyí tó bá kú síbẹ̀, ìyà ló jẹ kú, èyí tó bá sì yè lè di ìyọnu tó bá Grassy Key. Ẹ tètè wá ẹni tó fẹ́ ẹ, kí ẹ fún un pẹ̀lú kéèjì àti oúnjẹ rẹ̀, nígbà tí àyè ṣì wà kí ọmọ lọ wo ibi tó ń lọ. Òbí tó bá sì mọ̀ pé òun ti ń wá físà, kó kọ́kọ́ wo òfin ìlú tó fẹ́ lọ kó tó ra hamster fún ọmọ.