Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ agbègbè Carnuntum ní Ọ́síríà

Ẹ̀yin olólùfẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ gbọ́ ti Carnuntum, ní ìlà-oòrùn Vienna. Ọ̀nà oko olókùúta wẹ́wẹ́ ló gba àárín oko àlìkámà àti ọgbà àjàrà kọjá níbẹ̀. Táyà tó fẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má sì fún un ní afẹ́fẹ́ jù, kí òkúta má baà máa gbọ̀n yín jìgìjìgì.

Ẹ gbéra ní ìlú Petronell. Inú pápá gbalasa níbẹ̀ ni ibodè Heidentor wà: òpó ràbàtà méjì, òkúta tó tẹ̀ bí òṣùmàrè sì so wọ́n pọ̀ lókè. Òpó mẹ́rin ni àwọn ará Róòmù kọ́ ní ọ̀rúndún kẹrin. Méjì ti wó. Carnuntum yìí náà ni àwọn olú-ọba Róòmù ti pàdé lọ́dún 308 láti parí ìjà oyè.

Ẹ yà sí Rohrau, níbi tí wọ́n ti bí Joseph Haydn, àgbà olórin, lọ́dún 1732. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kó máa fi igi ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù! Lójú tèmi, kò yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ kankan kọjá níbẹ̀ láì sọ̀ kalẹ̀.

Hainburg ló kàn, ìlú olódi létí odò Danube. Ọkọ̀ ṣì ń gba abẹ́ ibodè Wienertor, tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá.

Afẹ́fẹ́ agbègbè yìí le, ẹ tọ́jú agbára dè é. Bí ẹ bá wọ igbó etí odò tí ìjọba ń dáàbò bò láti 1996, ọ̀nà tó ní àmì kẹ̀kẹ́ nìkan ni kí ẹ gbà.