Bí Sítíárìn Ìjàpá Ṣe Dé Ọwọ́ Òsì

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Bàrígà, wọ́n ti gbé ìjókòó ẹ̀yìn Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀. Abẹ́ ìjókòó yẹn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, ọ̀gá sì ti tú wáyà rẹ̀, kí họ́ọ̀nù má baà ké mọ́ wọn lọ́wọ́. Sítíárìn àtijọ́ ti sán káàkiri. Oòrùn Èkó ti jẹ ike rẹ̀ débi pé ó ń ha àtẹ́lẹwọ́. Tuntun tí wọ́n fi awọ bò wà nílẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé kí n tú nọ́ọ̀tì?” ni ọmọọ̀ṣẹ́ béèrè.

“Dúró ná. Táyà iwájú ńkọ́, ṣé ó tọ́?”

Ọmọdé tó bá ń wò wọ́n lè rò pé òsì ni awakọ̀ ti ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. Títí di 1972, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì là ń tẹ̀ lé: apá òsì títì là ń gbà, apá ọ̀tún inú mọ́tò ni sítíárìn wà. Bẹ́ẹ̀, gbogbo aládùúgbò tó yí wa ká ló ń gba ọ̀tún: Dahomey tó di Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon. Ẹni tó bá kọjá bodè gbọ́dọ̀ pa ọwọ́ dà. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àjíǹde, ọ̀tún ni kí gbogbo mọ́tò máa gbà.

Títì yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àmọ́ mọ́tò ò mọ̀ pé òfin ti yí. Awakọ̀ tó ṣì jókòó lọ́tùn-ún, tó bá fẹ́ kọjá mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ àfi tó bá ti yọ mọ́tò sójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn èrò rẹ̀ wà lósì wá ń sọ ìyá àtọmọ kalẹ̀ sáàárín títì. Nígbà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Òjó lọ́dún 1975, òsì ni sítíárìn Ìjàpá wọn wà. Irú rẹ̀ ló wà ní Bàrígà yìí.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí apá ènìyàn ká sítíárìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti àtijọ́ bá fẹ̀ tó 40 sẹ̀ntímítà, tí tuntun sì jẹ́ 35, agbára tí a fi ń yí i, bó bá jẹ́ 7, yóò di 8. Kí olówó mọ èyí kó tó rà á.

Eyín wínníwínní ló wà lórí ọ̀pá sítíárìn. Bí irin àárín sítíárìn tuntun bá fi eyín kan ṣoṣo yẹ̀, sítíárìn yóò wọ́. Àwọn kan á wá lọ fa táírọ́ọ̀dù, irin tó ń yí táyà, kó lè tọ́. Ohun tí mo kọ̀ nìyẹn! Àárín gan-an ni irin inú àpótí sítíárìn ti wọnú ara wọn dáadáa. Bí a bá ti gbé e kúrò níbẹ̀, mọ́tò yóò máa ṣe jẹ́gẹjẹ̀gẹ lórí eré. Ẹ yọ sítíárìn, kí ẹ tún fi í sí eyín tó yẹ.

Táyà tọ́. Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sórí ọ̀pá, ó yọ ti àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó de nọ́ọ̀tì, ó sì tún un dè. Ó so bátìrì, ó tẹ họ́ọ̀nù, ó yí sítíárìn bóyá iná ìyàsọ́nà á padà fúnra rẹ̀. Ó padà. Ìgbà yẹn ló tó na kọ́kọ́rọ́ sí ẹni tó ni ín.