Ẹ̀kọ́ ní Delhi, Ìjìyà ní Mumbai

Ní ọdún 2001, ìjọba Íńdíà dá ètò ńlá kan sílẹ̀ kí gbogbo ọmọdé lè lọ sílé ìwé. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarva Shiksha Abhiyan. Lédè Hindi tí wọ́n ń sọ ní Delhi, orúkọ náà dùn ún gbọ́: ìpolongo ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi etí Marathi gbọ́ ọ, èyí tí í ṣe èdè Mumbai àti gbogbo ìpínlẹ̀ Maharashtra, ìpolongo ìjìyà fún gbogbo ènìyàn ló máa wá sí i lọ́kàn. Sarva ò yí padà, "gbogbo" náà ló jẹ́ níbẹ̀. Shiksha ló dà á rú.

Ní Marathi, shiksha ni ohun tí adájọ́ ń dá fún ọ̀daràn. Phashichi shiksha ni wọ́n ń pe ìdájọ́ pé kí wọ́n yẹgi fún èèyàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wí, shikshan ni wọ́n máa ń sọ. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Delhi fi ń jẹ́ Shiksha Mantralaya, ṣùgbọ́n tí ti Maharashtra ń jẹ́ ẹ̀ka Shikshan. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Telugu, Kannada àti Malayalam náà, ìjìyà ni.

Inú Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ náà, ni gbogbo wọn ti mú un, kíkọ́ ẹ̀kọ́ ló sì jẹ́ níbẹ̀. Báwo wá ni ẹ̀kọ́ ṣe di ẹgba? Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Bí bàbá bá ní, "Màá kọ́ ẹ lọ́gbọ́n lónìí," ọmọ tó gbọ́ ọ kì í lọ mú ìwé. Sísá ló máa ń sá.

Èdè 22 ni ìwé òfin Íńdíà dárúkọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, wọ́n ka 121 tí ó kéré tán ẹgbàárùn-ún ènìyàn ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Hindi, Bengali, Marathi àti Gujarati bá Sanskrit tan. Ìdílé mìíràn ni Tamil, Telugu, Kannada àti Malayalam ti gúúsù, ṣùgbọ́n wọ́n yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún kan náà ni tọmọ tàlejò jọ pín.

Èyí tó lárinrin jù nínú ogún náà ni avasara. Nínú Sanskrit, àsìkò tó wọ̀ fún nǹkan ni. Ní Hindi ó di avsar, ìyẹn àǹfààní: ẹni tí wọ́n fún níṣẹ́ ti rí avsar. Malayalam náà kò jìnnà síyẹn. Àmọ́ jẹ́ kí ará Delhi dé ilé ìwòsàn ní Chennai, níbi tí wọ́n ti ń sọ Tamil. Ẹ̀ka tí wọ́n ń sáré gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá lọ ni yóò ti bá avasara pàdé. Avasaram ti Tamil ni pàjáwìrì, ohun tí kò ṣeé dúró dè. Ní Kannada, ìkánjú ni. Ní Hyderabad, níbi tí wọ́n ti ń sọ Telugu, ó tún di ohun tí èèyàn nílò. Bí ọlọ́jà bá fẹ́ fi ọ̀rá kún ọjà oníbàárà, "avasaram ledu" ni oníbàárà yóò dá a lóhùn: mi ò nílò rẹ̀.

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn yóò rí i pé àsìkò ṣì wà nínú gbogbo wọn. Àsìkò tó ṣílẹ̀kùn fúnni ni àǹfààní, èyí tó ń léni ni ìkánjú, ohun tí àsìkò sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni ni a nílò.

Kal náà ń bẹ. Àná ni, ọ̀la sì ni, lẹ́nu àwọn tó ń sọ Hindi. Ọ̀rọ̀ ìṣe inú gbólóhùn ló ń fi hàn èyí tí wọ́n ń wí. Ní Marathi, àná nìkan ni kaal. Ọ̀la ń jẹ́ udya. Raag sì rèé, ìlànà orin ní Hindi, tó jẹ́ pé ìbínú ni lẹ́nu ará Maharashtra lójoojúmọ́.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí léwu fún ògbufọ̀ ju èyí tí kò mọ̀ rárá lọ. Èyí tí kò mọ̀ yóò mú un lọ wo ìwé atúmọ̀. Èyí tó jọ tilé rẹ̀, ńṣe ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Ọ̀kan nínú irú wọn dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, waqt, rìn lọ sí Íńdíà, ó sì rìn wá sọ́dọ̀ wa. Ní Delhi, àkókò ni, kódà bó jẹ́ odindi ìgbà ayé èèyàn. Ní Ìbàdàn, wákàtí kan jẹ́ ọgọ́ta ìṣẹ́jú.